Fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àrùn aláwọ̀ dúdú nìkan

Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwa ará àdúgbò ní Yábàá. Mo mọ̀ pé ire lẹ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ní “ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí fòníkú-fọ̀ladìde fi jẹ́ àrùn tiwa nìkan” kì í ṣe òótọ́.

Ibà ló jẹ́ kí S, ìyẹn àbùdá àjogúnbá tó ń fa àrùn yìí, pọ̀ níbi tó ti pọ̀. Ẹni tó jẹ́ AS, tó jogún S lọ́dọ̀ òbí kan péré, máa ń rí ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó le, nítorí náà ibi tí ibà ti ń jà láti ayébáyé ni S ti gbilẹ̀. Ó wà ní Saudi Arabia. Ó wà ní Gíríìsì, láàárín àwọn tí à ń pè ní òyìnbó. Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò ìjọba àpapọ̀ láti gbógun tì í ní 2023. Ẹ lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Xhosa, ẹ̀yà kan ní South Africa, sì dúdú bíi tiwa, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn.

Ohun tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá yàtọ̀ sí “dúdú” àti “funfun”. Orúkọ táwọn èèyàn fi pín ara wọn ni ìyẹn, ó sì lágbára: ní 1950, òfin South Africa kọ ìran kálukú sílẹ̀ fún un.

Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò jẹnotáìpù yín jáde. AA, AS tàbí òmíràn lẹ ó bá níbẹ̀. Wọn ò kọ àwọ̀ mọ́ ọn.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ọmọ wa tó bá fẹ́ fẹ́ òyìnbó: òyìnbó náà lè ní S. Kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́.