Ta ló sọ pé kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin láyé Fikitóríà?

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ló tún gbé e dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí WhatsApp àwọn tá a jọ kàwé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù kan tí ọmọdébìnrin kan ti ń wádìí ọ̀ràn ní London láyé Ọbabìnrin Fikitóríà. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ gbáà ni, pé àwọn tó ń ṣe fíìmù lóde òní ló kàn fẹ́ ki obìnrin bọ gbogbo nǹkan. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn ìdí ààrò ni obìnrin wà, pé kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin kankan rí. Ká tó ṣẹ́jú, àtàǹpàkò ti rọ̀jò sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹnì kan tiẹ̀ fi "Ẹ ṣé sà, òótọ́ ọ̀rọ̀" kún un.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ wo? Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí irú fíìmù yìí bá ti jáde ni wọ́n máa ń gbé e wá, bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ọdún 1837 ni Fikitóríà gorí ìtẹ́, 1901 ló wàjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọdún méjèèjì yìí sọ́kàn, kí ẹ sì tẹ̀ lé mi dé Chicago ná, kí a tó padà sí London.

Ní 1856, obìnrin opó kan tó ń jẹ́ Kate Warne wọ ọ́fíìsì Allan Pinkerton. Ọmọ Scotland ni Pinkerton, òun ló ni iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àdáni tí òkìkí rẹ̀ padà kàn jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ó rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ni obìnrin náà wá wá. Obìnrin ní rárá o, iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an lòun ń wá. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà. Pinkerton fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí obìnrin náà fi ṣẹ́gun òun: ó ní àwọn ibì kan wà tí ọkùnrin kò lè dé láé tí obìnrin á ti gbọ́ àṣírí. Pinkerton rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni, ó gbà á síṣẹ́.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tó ṣe. Iléeṣẹ́ Adams Express, tó ń bá àwọn èèyàn gbé owó àti ẹrù láti ìlú dé ìlú, ń pàdánù owó ní ẹ̀ka wọn ní Montgomery, ní Alabama. 10,000 dọ́là ló kọ́kọ́ dàwátì, nígbà tó yá 40,000 tún lọ. Wọ́n fura sí ọ̀gá ẹ̀ka náà, Nathan Maroney, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ni Kate Warne ṣe? Kò lọ sọ́dọ̀ Maroney rárá. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ó múra bí olówó, ó pe ara rẹ̀ ní Madam Imbert, ó ní ọkọ òun náà wà lẹ́wọ̀n nítorí ìwé èrú, ó sì fara balẹ̀ bá obìnrin náà ṣọ̀rẹ́. Wọ́n jọ ń rìn, wọ́n jọ ń sọ ẹ̀dùn ọkàn. Nígbà tí wàhálà dé bá ìyàwó Maroney lórí ibi tí yóò kó owó pa mọ́ sí, ta ni kò bá fọ̀rọ̀ lọ̀ bí kò ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọkọ tiẹ̀ náà jẹ́ ọ̀daràn? Nínú 40,000 yẹn, ó lé ní 39,000 tó padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Maroney lọ sẹ́wọ̀n.

Mo gba ìtàn yìí gbọ́ torí mo ti rí irú rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Balógun nígbà kan. Aṣọ ń dín, ọ̀gá pe ọlọ́pàá, ó pe àlùfáà, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ìyàwó ọ̀gá bá mú ọmọ àbúrò rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, ó ní kó máa gbálẹ̀, kó máa bá wa ra oúnjẹ. Ọmọ náà kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Ó ń bá wa jẹun, ó ń bá wa ṣẹ̀fẹ̀, ó ń dirun fún àwọn obìnrin tó bá ráyè. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin tó ń kó aṣọ gba ẹ̀yìn jáde fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń tà á sí fún un, torí ó ń wá bí yóò ṣe fẹ́ ẹ! Ọlọ́pàá kò lè rí irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ láyé, bó ti wù kó gbá tábìlì tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kate Warne, torí ti Maroney kọ́ ni ńlá. Ní oṣù Èrèlé 1861, Abraham Lincoln ń lọ sí Washington láti lọ gba ipò ààrẹ, òkìkí sì kàn pé àwọn kan fẹ́ pa á ní Baltimore, níbi tó ti gbọ́dọ̀ la ìlú kọjá. Kate Warne wà ní Baltimore ṣáájú ìgbà náà, ó ń ṣe bí obìnrin láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, ó ń bá àwọn tó kórìíra Lincoln jókòó, ó sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí alẹ́ ọjọ́ 22 dé, ní Philadelphia, òun ló gba àyè oorun nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní àbúrò òun tó ń ṣàìsàn ni òun gbà á fún. Lincoln ni "aláìsàn" náà, ọkùnrin gíga fìrìgbọ̀n tó ká ara rẹ̀ sínú bẹ́ẹ̀dì kékeré. Ilẹ̀ mọ́ bá a ní Washington láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Pinkerton mọ bí a ṣe ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ nínú àwọn ìwé tó kọ, àwọn òpìtàn sì ń jiyàn bóyá ọ̀tẹ̀ Baltimore le tó bó ṣe sọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé obìnrin náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. Òun kọ́ nìkan ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà: Pinkerton gba àwọn obìnrin mìíràn, ó sì fi Kate ṣe olórí wọn. Ó kú ní 1868, Chicago ni wọ́n sin ín sí.

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n máa sọ: "Amẹ́ríkà nìyẹn, London là ń wí." Wọ́n á tún ní Scotland Yard, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá London, kò gba obìnrin. Òótọ́ ni, kò gba obìnrin nígbà náà. Ṣé Scotland Yard nìkan ló ń wádìí ọ̀ràn ni? Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ṣé ọlọ́pàá ni?

Ní 1857 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó jẹ́ kí tọkọtaya lè lọ sílé ẹjọ́ láti kọ ara wọn sílẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin ọ̀tọ̀ fún ẹ, olówó nìkan ló sì lágbára ẹ̀. Òfin tuntun náà ń bèèrè ẹ̀rí àgbèrè. Ta ni yóò wá ẹ̀rí? Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àdáni pọ̀ ní London lójijì, wọ́n sì nílò ẹni tó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́, tó lè jókòó sí gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì láìsí pé ẹnikẹ́ni wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di bí 1890 sókè, àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń polówó nínú ìwé ìròyìn ní gbangba pé àwọn ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin.

Ọlọ́pàá tó ní òun kò gba obìnrin náà ń lò wọ́n lábẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin wà ní tésàn tí wọ́n ń sanwó fún láti máa tú ara àwọn obìnrin tí wọ́n bá mú. Ní 1880 tí wọ́n fẹ́ mú apòògùn kan, Thomas Titley, tí wọ́n ní ó ń ta oògùn ìṣẹ́yún, obìnrin ni wọ́n rán lọ bá a, tó ṣe bí ìyá ọmọ tí wọ́n fún lóyún. Ariwo ta lẹ́yìn náà pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi mú un. Títí di 1922 kí Lilian Wyles tó wọ ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá London, iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, orúkọ ni wọn kò fún wọn.

Ní ti pé àwọn oní-fíìmù òde òní ló dá a sílẹ̀, ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 1864, ìwé ìtàn méjì jáde ní London tó jẹ́ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin ló ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ nínú wọn. Sherlock Holmes tí gbogbo yín ń fi búra, 1887 ló jáde. Ọdún 23 gbáko lẹ́yìn wọn. Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa. Ẹ̀gbọ́n ti kà á, wọn ò tíì fèsì.