Ọmọ Odó Mọ́mì Wà ní Àhámọ́

Ẹ bá mi bẹ màmá mi. Físà oṣù 6 ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Thamesmead, ní London, wọ́n ní àwọn fẹ́ wá sinmi nítorí orúnkún. Orúnkún tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mi náà ló ń gbé wọn káàkiri àdúgbò láti ìdájí. "Ọkọ obìnrin òdìkejì yẹn ò sùn sílé o." "Àwọn ọmọ ilé kẹta, ṣé wọ́n ń jẹun yó?" Èmi tí mo ti ń gbé ibẹ̀ látọjọ́ yìí, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé kẹta bímọ.

Níbo ni màá ti ráyè? Kéárà ni mí. Ìṣẹ́jú 30 fún arúgbó kan: wẹ̀ ẹ́, wọṣọ fún un, po tíì, kọ ọ́ sínú fóònù, sá lọ sílé tó kàn. Ìrìn àárín ilé méjì, Ọlọ́run ló ń san owó ìyẹn. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹnu ọ̀nà la ti ń pàdé, òun ń wọlé, èmi ń jáde, a fa ọmọ lé ara wa lọ́wọ́, ó parí. Kí n tó jáde, mo ti fi òróró pa orúnkún Mọ́mì, mo ti ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sílẹ̀. Ó wá kù kí n máa ṣọ́ òyìnbó.

Bàbá arúgbó kan ló ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun àti Mọ́mì ò gbédè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kíra láti orí ọgbà, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá ò ṣí kọ́tìnì. Mọ́mì pè mí, ọwọ́ mi ń bẹ nínú ọṣẹ lẹ́yìn ìyá oníyá.

"Bàbá ti kú."

"Mọ́mì, bóyá wọ́n ń sùn."

"Ta ló ń sùn láti Mọ́ńdè?"

Ìpè tó tẹ̀lé e, ọlọ́pàá ni.

Mọ́mì ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n padà sílé, wọ́n gbé ọmọ odó. Odó tí wọ́n rán mi rà ní Rye Lane, tí mo gbé lé itan nínú bọ́ọ̀sì 177, tí gbogbo èrò ń wò mí bí ẹni tó jí òkú gbé! Ọmọ odó yẹn ni wọ́n fi ń gún ilẹ̀kùn òyìnbó, tìró tìborùn, wọ́n ń ké pé, "Bàbá o! Ẹ dákun, ẹ má kú!" Ará iwájú ilé bá tẹ 999 pe ọlọ́pàá. Ó ní ìyá kan gbé ohun ìjà, ó fẹ́ wọlé pa arúgbó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogun Kírìjì ò tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́ta, ambúláǹsì, panápaná tòun tàkàbà. Hẹlikópítà ń pòòyì lókè (bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń wá, ẹ̀yin lẹ mọ̀; lójú tèmi, tiwa ni). Èmi rèé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò gbé ife tíì jáde, wọ́n ń wòran èmi àti ìyá mi. Ọlọ́pàá kan ti ki ọmọ odó bọ inú ọ̀rá, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Mọ́mì ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi í gún?"

Panápaná fẹ́ já ilẹ̀kùn báyìí, la bá rí ẹni tó yọ ní kọ́nà, tó ń wọ́ báàgì bọ̀. Bàbá ni! Spain ló lọ, ó lọ yáàrùn. Oòrùn ti bó o nímú, ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

"Akúdàáyà!" Mọ́mì sáré dé ẹ̀yìn ọlọ́pàá. Orúnkún tí mò ń fòróró pa! Ó sáré! "Sọ fún wọn kí wọ́n wo ẹsẹ̀ ẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀!"

Ọlọ́pàá bi mí pé kí ni ìyá mi wí. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú àbọ̀."

Lálẹ́, mò ń pa orúnkún wọn, mo ní, "Mọ́mì, ẹ fi òyìnbó sílẹ̀. Oníkálukú ló ń gbélé ara ẹ̀ níbí."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń padà s'Íbàdàn. Bí kọ́tìnì tèmi ò bá ṣí, ta ló máa gbé ọmọ odó?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo mọ iye ṣúgà tí arúgbó kọ̀ọ̀kan tí mò ń tọ́jú ń fi sí tíì. Títí Mọ́mì fi dé, mi ò mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ti jáwọ́ nínú ṣúgà. Ẹnì kan tiẹ̀ wà níbi iṣẹ́ wa tó dé lẹ́yìn òfin oṣù kẹta 2024, èyí tó ní kéárà tó ń ti òkè òkun bọ̀ ò gbọdọ̀ kó ọmọ wá mọ́. Ojú fóònù ló ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ṣe iṣẹ́ àmúrelé, á sì nu ojú, á lọ wẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Inú bí mi, mi ò rẹ́ni bí i sí, mo bí i sí orúnkún. Mọ́mì fọ́ mi létí.

Àbúrò mi pè láti ilé: "Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti Mọ́mì mọ́lé. Ẹ fi owó ránṣẹ́ kí n rí wòlíì." Mọ́mì gba fóònù, wọ́n ní kó wá bá àwọn gún ilẹ̀kùn ní London.

Ìwé ọlọ́pàá dé lánàá pé ká wá gba ẹrù wa. Wọ́n bi wá pé kí la fi ń ṣe. Mo kọ iyán. Wọ́n bi wá pé ta ló ń lò ó. Mo kọ orúkọ ìyàwó mi; iṣẹ́ òru ló lọ, kò mọ̀. Wọ́n bi wá bóyá a nílò rẹ̀ kíákíá. Mọ́mì ní kí n kọ bẹ́ẹ̀ ni: lọ́jọ́ Sunday ni Bàbá òyìnbó ń bọ̀ wá jẹun, àwọn sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa lábẹ́ tábìlì.