UConn tó dá dúró: ṣé ó ń là á lọ́nà, àbí ó ń dí i lọ́nà?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀: Big 12, ọ̀kan nínú àwọn líìgì ńlá eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, àti UConn (Yunifásítì Connecticut) jíròrò ní 2024 nípa kí UConn wọ líìgì náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì so èso. Ṣé torí pé ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà UConn ò sí nínú líìgì kankan ni?

Dàpọ̀ Àkànbí
Tèmi ni pé òun gan-an ni. Ní July 2020, UConn kúrò ní líìgì AAC, ó kó básíkẹ́ẹ̀tì àtàwọn eré ìdárayá yòókù padà sí Big East. Big East kì í ṣe líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, AAC náà ò sì fẹ́ kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù nìkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Bí ikọ̀ náà ṣe dá dúró nìyẹn. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2024 ni pé kí básíkẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ wọ Big 12, kí bọ́ọ̀lù wá tẹ̀ lé e ní 2031. Nígbà tó di September, wọ́n gbé e tì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sẹ́yìn tó. Ikọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni du ife líìgì, kò sí tábìlì téèyàn máa fi wọ̀n ọ́n.

Bísí Olóyè
Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ má bínú, tábìlì wà fún un tẹ́lẹ̀, ohun tó sì wà lórí rẹ̀ kò dáa. Nínú AAC, UConn borí lẹ́ẹ̀mẹta péré ní 2017, ẹ̀ẹ̀kan ní 2018, ẹ̀ẹ̀mejì ní 2019. Ní 2018 yẹn, ìpíndọ́gba pọ́ìǹtì tí wọ́n ń jẹ sí wọn lára nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan jẹ́ 50.4, yáàdì tí wọ́n sì ń rìn lórí wọn jẹ́ 617.4. Kò tíì sí ikọ̀ tí èyíinì burú tó ní FBS, ìpele tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì. Ìgbà tí wọ́n dá dúró tán ni wọ́n tó gbérí. Ní 2022 wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n sì rí bowl gbá, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ òpin sáà tí wọ́n ń pe àwọn tó bá ṣe dáadáa sí. Ní 2024, mẹ́sàn-án nínú 13, wọ́n fi 27-14 na North Carolina ní Fenway Bowl. Ìgbà tí wọ́n dá dúró yìí náà ni Big 12 wá bá wọn.

Dàpọ̀ Àkànbí
Bísí, básíkẹ́ẹ̀tì ni Big 12 wá wò. Ife orílẹ̀-èdè méjì tẹ̀lé ara wọn, 2023 àti 2024, ta ni kò ní wá? Ní ti bọ́ọ̀lù, ta ni wọ́n nà kí wọ́n tó dé Fenway? Maryland fi 50-7 lù wọ́n. Duke 26-21, Wake Forest 23-20, Syracuse 31-24. Ikọ̀ líìgì ńlá mẹ́rin, òfo mẹ́rin.

Bísí Olóyè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ti 2025 mọ́ ọn. Wọ́n na Boston College, wọ́n na Duke. Syracuse ló borí wọn, 27-20, àsìkò àfikún ló sì ti rí i ṣe. Gbogbo ìgbà mẹ́ta tí wọ́n pàdánù ní sáà yẹn kí bowl tó dé, àsìkò àfikún ni.

Káyọ̀dé Ìṣọ̀lá
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ èsì. Èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ ìdádúró láì mọ bí wọ́n ṣe ń rí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gbá.

Ikọ̀ tó wà nínú líìgì ní mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí líìgì ti là kalẹ̀ fún un, kìkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kù tó máa wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó dá dúró, méjìlá ló ń wá, lọ́dọọdún. Òfin FBS wà lórí rẹ̀: ó kéré tán, márùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ nílé pẹ̀lú ikọ̀ FBS. Bí ó bá sì fẹ́ lọ bowl, ìborí mẹ́fà ló nílò, ẹyọ kan péré ni wọ́n sì máa kà fún un nínú èyí tó bá ní lórí àwọn ikọ̀ FCS tó wà nísàlẹ̀.

September kò ṣòro, gbogbo ènìyàn ló ń wá ẹni tí wọ́n máa bá gbá. October àti November ni ìṣòro wà, torí pé àárín líìgì làwọn ikọ̀ yòókù wà nígbà náà. Ẹni tó bá ráyè ní November mọ̀ pé ọwọ́ rẹ lò ń nà sí òun, á ní kó o wá bá òun lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó wá bá ọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yunifásítì ńlá kì í sábà padà wá. Wọ́n á san ju mílíọ̀nù kan dọ́là kó o wá jìyà nílé wọn, ìwọ á gba owó náà, àmọ́ èsì rẹ á bàjẹ́ níwájú àwọn tó ń wò bóyá kí wọ́n gbà ọ́. Ó tún ń le sí i: líìgì ńlá SEC ń gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àárín ara wọn láti mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án láti 2026, líìgì ACC náà ń lọ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un, àyè tí UConn ì bá rí gbá ni.

Ìyábọ̀ Adéṣínà
Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ti ṣàlàyé ohun tó pa UMass (Yunifásítì Massachusetts). Líìgì MAC gbà wọ́n fún bọ́ọ̀lù nìkan ní 2012, lẹ́yìn náà MAC ní kí wọ́n kó gbogbo eré ìdárayá wá tàbí kí wọ́n máa lọ. Wọn ò fẹ́ fi Atlantic 10, líìgì tí àwọn eré ìdárayá wọn yòókù wà, sílẹ̀, torí náà wọ́n dá dúró láti 2016 títí dé 2024. Nínú gbogbo sáà wọ̀nyẹn, ìborí tó pọ̀ jù lọ́dún kan ni mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n padà sí MAC ní July 2025, ohun tí wọ́n kọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n san: gbogbo eré ìdárayá ló lọ. Ní sáà àkọ́kọ́, wọ́n gbá 12, wọ́n pàdánù 12.

Ṣégun L.
Notre Dame ńkọ́? Wọ́n dá dúró, kò sẹ́ni tó ń káàánú wọn.

Káyọ̀dé Ìṣọ̀lá
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àbúrò. Tẹlifíṣàn NBC ti ń gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé Notre Dame láti 1991. ACC gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn eré ìdárayá wọn yòókù, ó sì ń fún wọn ní ikọ̀ márùn-ún lọ́dún láti 2014, wàhálà November ti dín kù. Nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá CFP (ìdíje ife orílẹ̀-èdè fún bọ́ọ̀lù yunifásítì) ní sáà 2024, tí Ohio State fi 34-23 borí wọn, 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n rí, wọn ò bá ẹnikẹ́ni pín in. Síbẹ̀, ní 2025, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú 12, CFP ò mú wọn.

BYU, yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ló yẹ ká fi UConn wé. Wọ́n dá dúró láti 2011 títí dé 2022, wọ́n sì ní àdéhùn tẹlifíṣàn pẹ̀lú ESPN àti pápá tó ń gba ju ọ̀kẹ́ mẹ́ta èèyàn lọ. Ní 2021, wọ́n bá ikọ̀ márùn-ún láti líìgì ńlá Pac-12 gbá, wọ́n na márààrún. September ọdún náà ni Big 12 pè wọ́n.

Dàpọ̀ Àkànbí
Ọjọ́ kan náà ni Big 12 pe Cincinnati, Houston àti UCF, AAC ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. SMU gba ife AAC ní 2023, ó wọ ACC ní 2024. Ẹni mẹ́rin gba ojú ọ̀nà AAC, BYU nìkan ló gba ojú ọ̀nà ìdádúró. UConn ò ní pápá BYU: East Hartford ni tiwọn wà, ó ju máìlì 20 lọ sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní Storrs, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ni ín.

Kí wọ́n ṣe bíi Army, ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà. Army dá dúró láti 2005 títí dé 2023, ó mú bọ́ọ̀lù nìkan wọ AAC ní 2024, ó sì gba ife lọ́dún náà gan-an. CFP ya àyè márùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn tó gba ife líìgì, méje yòókù ni gbogbo ayé ń jà sí. Tulane gba AAC ní 2025, ó sì gbá CFP. UConn borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lọ́dún kan náà, ta ló dárúkọ wọn?

Ìyábọ̀ Adéṣínà
Ọ̀rọ̀ CFP yẹn wúwo, mi ò lè jà á níyàn. Àyè márùn-ún yẹn ò sí fún ẹni tó dá dúró, kódà bó borí nínú méjèèjìlá.

Bísí Olóyè
Èmi náà gbà á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Mílíọ̀nù 17 dọ́là ni UConn san kó tó jáde ní AAC. Cincinnati, Houston àti UCF, 18 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. SMU, 25, ó sì tún gbà pé òun ò ní gba owó tẹlifíṣàn ACC fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọlọ́rẹ SMU lówó tí wọ́n fi ṣe é. Bí Big 12 bá padà pe UConn báyìí, bọ́ọ̀lù wọn lè dìde lọ láì san kọ́bọ̀ fún líìgì kankan, ìyọkúrò ní Big East nìkan ni wọ́n máa rò.

Dàpọ̀ Àkànbí
Bí AAC bá wá gbà pé kí owó ìjáde bọ́ọ̀lù nìkan kéré ńkọ́?

Bísí Olóyè
Kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ kí UConn tó wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ó ń dín kù lọ́dọọdún. Kí wọ́n tún fi àyè mẹ́rin sílẹ̀ lóde líìgì, kí Syracuse, Boston College àti Duke má baà já kúrò lórí ìlànà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo wà lẹ́yìn yín. Bí AAC bá ní iye kan náà tí Army bá fọwọ́ sí ni UConn náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kí wọ́n máa dá gbá a lọ.