Ẹ Gbé Garawa Síta, Ká Mọ Ohun Tó Wà Nínú Òjò

Àríyànjiyàn lórí páànù tó ń dípẹtà láìtọ́jọ́ ní Niger Delta ò tíì tán. Àwọn ará ìlú ní iná gáàsì tó ń jó tọ̀sán-tòru ló ń fi ásíìdì ba òjò jẹ́. Àwọn mìíràn ní iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló ń jẹ páànù. Ó ṣeé ṣe kí tọ̀tún-tòsì jàre, àmọ́ ta ló fẹ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí òǹkà lọ́wọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń wọn òjò àsìkò kan tàbí méjì, ìwé wọn á sì lọ gbé eruku ní yunifásítì.

Ohun tí à ń sọ ni pé kí ìjọba àpapọ̀ máa wọn ásíìdì inú òjò jákèjádò Nàìjíríà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àbájáde rẹ̀ sì wà níta, kí ará Eket ní Akwa Ibom lè ṣí i wò lórí fóònù rẹ̀.

Láti 1978 ni Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń kó òjò ọ̀sẹ̀ kan ní ibùdó tó lé ní igba. Garawa wọn ní ọmọrí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí òjò bá ti ń kán, tó sì máa ń padà dé bó bá dá. Ọmọrí yìí ṣe pàtàkì níbi tiwa ju tiwọn lọ, torí eruku ọyẹ́ máa ń pa agbára ásíìdì. Garawa tó bá ṣí sílẹ̀ yóò parọ́ fún wa.

Òjò tí ẹnikẹ́ni ò bà jẹ́ pàápàá máa ń kan díẹ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, á tó 5.6; bí òǹkà yìí bá ṣe ń kéré sí i ni ásíìdì ń pọ̀ sí i. Tó bá já sí 4.6, ẹ má rò pé ìyàtọ̀ kékeré ni: ásíìdì rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nígbà tí òfin 1990 fipá mú àwọn iléeṣẹ́ mànàmáná Amẹ́ríkà láti dín èéfín imí ọjọ́ kù, garawa wọ̀nyí ló jẹ́rìí pé òjò ń bọ̀ sípò.

Tiwa ńkọ́? Òfin 1979 ní kí ẹnikẹ́ni má jó gáàsì mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní ọdún 1984 láìgbàṣẹ mínísítà. Iná ṣì ń jó. Nítorí náà, garawa yìí ò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ epo kankan. Kó má sì mọ sí Niger Delta nìkan. Èéfín jẹnẹrétọ̀ Èkó náà ń gòkè, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń gbe omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ mu.

Àwọn òṣìṣẹ́ NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ti ń wọn bí òjò ṣe pọ̀ tó ní pápákọ̀ òfurufú káàkiri. Kí wọ́n gbé garawa ọlọ́mọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà níbẹ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀.