Ìwé ọ̀dọ́ tí mo ń wá

Ọmọ ọdún 38 ni mí. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ langba ni mo sì fẹ́ràn jù láti kà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àlòkù ni, mo rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń kó ẹrù kúrò ní àdúgbò Under-G. Oníbàárà tó bá bá ìwé lórí maṣín mi á ní, "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ta lẹ ra èyí fún?" Ara mi ni mo rà á fún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi, SS2 ló wà. Lóru ọjọ́ kan mo jí, mo rí iná fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin. Mo gba fóònù náà, mo wò ó: ìwé ni. Ìtàn ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan ní Amẹ́ríkà, tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí òun àti bàbá rẹ̀ kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀ tí kò fi lè sùn. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àǹtí, bó ṣe ń bínú ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe máa ń bínú, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni."

Mo dá fóònù rẹ̀ padà. Mo ní kó ka orí tó wà yẹn tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tó bá wà láàárín ọdún 13 sí 18, iṣẹ́ ọmọdé là ń rán an, ẹ̀bi àgbà là ń dá a. Ìwé ọ̀dọ́ tó bá dára mọ ìnira yìí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń pe ara rẹ̀ ní "mo", kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun máa já sí. Kò tíì di àgbà tó jókòó tó ń rántí ìgbà èwe. Inú iná ló wà tó ti ń sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí a ní Fágúnwà. A ní i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Ṣùgbọ́n nínú Ògbójú Ọdẹ, ti 1938, bàbá arúgbó ló wá bá òǹkọ̀wé pé kó mú gègé kó máa kọ ohun tóun bá sọ. Ẹni tó ti lọ tó ti bọ̀ ló ń pìtàn, ọmọ tó ń kà á, ẹsẹ̀ àgbà ló jókòó sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn ni mò ń wá.

Èyí tó ń bí mi nínú ni àwọn ìwé tí wọ́n fún wa kà nígbà tí mo wà níléèwé girama. Ọmọbìnrin tó bá tẹ̀lé ọkùnrin á lóyún, á kú, tàbí kó padà wálé pẹ̀lú ẹkún. Ọmọkùnrin tó bá kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ á dèrò ẹ̀wọ̀n. Kí o tó ṣí ewé kẹwàá o ti mọ̀ ọ́n parí. Ìwàásù ni, ọmọ tó ń kà á sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹnì kan lóyún nínú kíláàsì wa lóòótọ́. Ó bí i, ó padà wá ṣèdánwò, nọ́ọ̀sì ni lónìí. Ta ló kọ ìtàn tirẹ̀? Mo fẹ́ mọ ohun tó ń rò ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà wọ yunifọ́ọ̀mù.

Ẹ tún wo èyí. Nínú ìwé ọ̀dọ́ òkè òkun, òbí ọmọ kì í pẹ́ kú. Bí wọn ò bá kú, wọ́n á rìnrìn àjò. Òǹkọ̀wé ní láti kó àgbà kúrò lọ́nà kí ọmọ tó lè dá ohun kan ṣe. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn nínú agboolé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Òkè Ẹlẹ́rin? Bí bàbá ẹni bá kú, bàbá mẹ́rin ló kù. Màmá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́. Bí ọmọkùnrin bá fún ọ ní lẹ́tà lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyàwó ilé tó ń ro ọkà ti gbọ́. Àwa méje là ń sùn sórí ẹní nínú yàrá kan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún tí èjìká ò ní mì.

Ìwé wà nínú yàrá yẹn! Ọmọ tó fẹ́ fi ohun kan ṣoṣo pamọ́ láàárín ogójì èèyàn, wàhálà rẹ̀ ju ti ẹni tó ń bá iwin jà lọ.

Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, kó òrìṣà wa sínú ìwé ọ̀dọ́ tó gbé jáde ní 2018, wọ́n sì rà á káàkiri ayé. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìbínú tó ń sọ fún mi lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀dọ́ ò lè kọ ọ́. Ọmọ ọdún 15 ni S. E. Hinton, òǹkọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀dọ́ rẹ̀, The Outsiders, ní Oklahoma. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1967, kò tíì pé ọdún 19.

Ìwé tí mo ń wá, ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ponmi kó tó lọ síléèwé, ó máa ń ṣìwà hù nígbà mìíràn, kò sì ní kú lójú ewé tó kẹ́yìn. Yorùbá tí àwa ń sọ nílé ló ń sọ. Ẹni tó bá ti kọ ọ́, kó jọ̀ọ́ sọ iye rẹ̀ fún mi. Méjì ni mo máa rà.