Ọ̀bẹ Scandinavia tó nípọn kọ́ ló dára jù fún igi gbígbẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ Scandinavia fún iṣẹ́ igbó, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó wá èyí tó nípọn, tí irin rẹ̀ fẹ̀ látojú dé ìdí èèkù. Pé èyí tí ìrù irin rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú èèkù yóò kán dandan. Fún ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ṣíbí tàbí kó bó igi, ìmọ̀ràn yìí ò dáa rárá. Owó ńlá lèèyàn á ná sórí ọ̀bẹ tí yóò máa dá a lágara.

Puukko, ọ̀bẹ ìbílẹ̀ àwọn ará Finland, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní. Nínú irú ti àtijọ́, ìrù náà máa ń la èèkù igi já, wọ́n á wá fi òòlù lu orí rẹ̀ pẹlẹbẹ kó má baà yọ. Mora 120, ọ̀bẹ ilé iṣẹ́ Mora ti Sweden, tí àwọn agbẹ́ṣíbí fẹ́ràn gan-an, kéré: ojú rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 6 lọ. Mora Companion nípọn tó mìlímítà 2.5, Garberg tí Mora náà ṣe, tí irin rẹ̀ fẹ̀ dé ìdí èèkù, jẹ́ 3.2, F1 ti ilé iṣẹ́ Fällkniven jẹ́ 4.5, ọ̀bẹ awakọ̀ òfurufú tó bá já sínú igbó sì ni wọ́n ṣe èyí fún, kì í ṣe ti gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ìdàgẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, ibi tí irin ti ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu, lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá pàdé ní nǹkan bíi dígírì 25, irin mìlímítà 2.5 á ní ìdàgẹ̀rẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà 5.8, ti irin mìlímítà 4 á lé ní 9. Ẹnu méjèèjì lè mú bákan náà, àmọ́ bí èyí tó nípọn bá ti wọlé díẹ̀, yíya ló ń ya igi dípò kó gé e. Igi á sán síwájú ẹnu ọ̀bẹ, á tẹ̀ lé ìṣàn ara rẹ̀, ọrùn ṣíbí á sì fọ́. Kò tún lè yí dáadáa níbi tí igi bá ti kọ kọ́rọ́.

Kíkán tí wọ́n ń bẹ̀rù ńkọ́? Fífi ọ̀bẹ la igi ìdáná ló sábà máa ń fà á. Àáké ló yẹ fún iṣẹ́ yẹn. Bí kò bá sí àáké, ẹ yan igi tí kò ní kókó, tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 7 lọ fún ọ̀bẹ olójú sẹ̀ntímítà 10. Igi ni kí ẹ fi lù ú, kì í ṣe òkúta tàbí òòlù. Bí ọ̀bẹ bá há, ẹ má ṣe lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì: ibi tí ojú ọ̀bẹ ti di ìrù ni agbára yẹn ń kó sí.

Pípọ́n rẹ̀ náà gba sùúrù. Ẹ tẹ́ ìdàgẹ̀rẹ́ náà pátá sórí òkúta ìpọ́nbẹ nọ́ńbà 1000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òkúta ṣe kúnná tó), títí ìka yóò fi mọ etí irin tín-ín-rín tó yí sí òdìkejì, láti ìdí dé ṣónṣó. Ẹ yí i padà, ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà, ẹ wá bọ́ sórí 4000, kí ẹ tó fà á lórí awọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè lórí òkúta yóò dá ìdàgẹ̀rẹ́ kékeré kejì sí ẹnu rẹ̀, ọ̀bẹ á sì máa yọ̀ kúrò lórí igi. Kí ẹ tún tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ẹ sì pọ́n ọn títí ti kékeré yẹn yóò fi tán ni àtúnṣe rẹ̀. Lórí irin tó nípọn, iṣẹ́ yìí máa ń pẹ́ gan-an.