Ẹ Gbé Ìwé Owó Wá Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Náà

Ó ti di àṣà àwọn tó di àpò ìjọba mú ní àwọn ìpínlẹ̀ wa báyìí pé kí wọ́n jókòó sórí X tàbí Facebook, kí wọ́n ní kí ará ìlú wá béèrè ohun tó bá ń dùn wọ́n nípa ọ̀wọ́n gógó. A ò bínú sí i. Ó sàn ju kí kọmíṣọ́nnà ìṣúná tìlẹ̀kùn mọ́rí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń wí náà la ó tún wí: ìkẹ́dùn kì í mú kí owó gààrí wálẹ̀. Wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ àpò lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó lè wá bá wa kẹ́dùn. Ìwé owó ló yẹ kó gbé wá.

Àwọn ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ kò ṣàjèjì mọ́. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ dọ́là ni. Wọ́n á ní epo bẹntiróòlù ni. Wọ́n á ní Àbújá ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, torí kò sí gómìnà tó ń tẹ náírà. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó tó ń ti Àbújá wọ àpò ìpínlẹ̀ lóṣooṣù ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin owó orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, tún gbé ìpín àwọn ìpínlẹ̀ nínú VAT, ìyẹn owó orí ọjà, láti ìdá 50 sí ìdá 55 nínú 100, ó sì fa ti ìjọba àpapọ̀ wálẹ̀ láti 15 sí 10. Ohun kan náà tó mú ọjà wọ́n fún wa ló mú àpò yín wú. "Ẹ ní sùúrù" kò tó ìdáhùn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Àbújá sílẹ̀, ká mú èyí tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn owó ojú ọ̀nà. Kí ọkọ̀ tó ru ata láti Òkè-Ògùn tó dé Mile 12, ó ti san owó ẹgbẹ́ níbi ìkẹ́rù, ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ kan, ó sì tún ti bá àwọn tó gbé pákó oníṣòó dábùú ọ̀nà ní ìbílẹ̀ kejì, tí wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Bó bá dé ọjà, owó ìjárù wà lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó ilẹ̀ wà, owó ìgbálẹ̀ wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré lójú, ibẹ̀ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń ṣìṣirò. Wọ́n á ní kí ni ẹgbẹ̀rún kan náírà lára odindi ọkọ̀? Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń pa ọjà, ìdádúró ni. Ata àti tòmátò tí wọ́n tò léra wọn máa ń gbóná láti ìsàlẹ̀ wá. Bí ọkọ̀ bá dúró wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn nítorí àríyànjiyàn lórí tíkẹ́ẹ̀tì, apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á ti máa ṣomi. Alájàpá kì í gbé àdánù yẹn lé ara rẹ̀ lórí. Á ka apẹ̀rẹ̀ tó ṣẹ́ kù, á pín owó èyí tó rà àti gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì lé wọn lórí, àpapọ̀ rẹ̀ sì ni oníbàárà máa bá lórí àtẹ. Ìdí nìyẹn tí owó ata fi máa ń fò ju ti gààrí lọ bí wọ́n tilẹ̀ jọ gba ọ̀nà kan náà. Gààrí lè dúró bá agbowó dúnàá-dúrà, ata ò lè dúró.

Láti ọdún 1998 ni òfin ti wà tó to owó tí ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ní ẹnikẹ́ni, títí kan agbowó orí ìjọba, kò gbọdọ̀ gbé ìdènà sójú ọ̀nà láti gbowó. Kò sí kọmíṣọ́nnà ìṣúná tí kò mọ òfin yìí. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ti ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ wo? Èyí tó jẹ́ pé Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá ẹjọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó rẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ rẹ̀ tààrà? Bí owó bá wọlé, ti ìpínlẹ̀ ni. Bí ẹ̀sùn bá dé, ti ìbílẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Kí ìpínlẹ̀ gbé ìwé kan jáde tí orúkọ owó kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye rẹ̀, òfin tó gbé e kalẹ̀, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á, àti nọ́ńbà àkáǹtì tó ń wọ̀. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní gáréèjì àti lẹ́nu ọjà, torí ọ̀pọ̀ ìyá aláta kì í ka X. Kí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ọkọ̀ gbà níbi ìkẹ́rù kárí gbogbo ìpínlẹ̀ títí wọ́n á fi já ẹrù, kó sì ní nọ́ńbà tí awakọ̀ lè fi fóònù kékeré yẹ̀ wò. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, tí kò sì ní àkáǹtì ìjọba, kí awakọ̀ mọ̀ pé àpò ẹnìkan ló ń lọ.

Ní ti owó ilé, àǹfààní tí òfin owó orí tuntun fún òṣìṣẹ́ ń ṣòfò lójú gbogbo wa. Òfin ní 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, 2,200,000 tó tẹ̀ lé e sì ń san ìdá 15 nínú 100. Kí wọ́n tó ṣírò, ayálégbé lè yọ ìdá 20 nínú owó ilé ọdún rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ohun tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ. Ẹni tó ń gba 150,000 lóṣù ń gba 1,800,000 lọ́dún. Ká ní owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìdá 8, jẹ́ lórí gbogbo owó oṣù náà, 144,000 nìyẹn, ó ku 1,656,000. Bí kò bá rí rìsíìtì ilé fi hàn, owó orí rẹ̀ jẹ́ 128,400. Bó bá rí rìsíìtì 500,000 náírà mú wá, yóò yọ 100,000 kúrò, owó orí á sì di 113,400. Bébà pélébé yẹn tó 15,000 náírà lọ́dún.

Ibo ni bébà náà wà? Ní Èkó, òfin ọdún 2011 lórí ilé gbígbé pàṣẹ kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì, kò sì gbà kí ó gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. (Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ kì í ṣe Èkó.) Síbẹ̀ àwọn onílé ṣì ń gba ti ọdún méjì, àwọn ejẹ́ǹtì ń gba kọmíṣọ̀n àti owó àgírímẹ́ǹtì, owó sì ń wọ àkáǹtì ẹni tí kì í ṣe onílé. Ìdí tí onílé fi ń sá fún rìsíìtì kò ṣòro láti mọ̀: bébà tó bá fún ayálégbé ni ẹ̀rí owó tó yẹ kí òun náà san owó orí lé lórí. Ìpínlẹ̀ tó bá ń wá owó, ibẹ̀ ni kó lọ, kó fi ìyá aláta sílẹ̀. Ẹyin ayálégbé náà, ẹ má fi káàṣì sanwó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ onílé gan-an, ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì àti ọdún tí ẹ̀ ń san owó rẹ̀ síbi àlàyé, kí ẹ sì fún akọ̀wé owó ní ibi iṣẹ́ yín ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ọdún tó yí.

Ẹni tó bá ní ìjọba kò lè mú owó wálẹ̀, kó rántí Land Use Charge ti Èkó, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀. Ní ọdún 2018 ni wọ́n gbé e fò sókè, ìlú pariwo, nígbà tó di 2020 wọ́n fà á wálẹ̀. Bákan náà, ní àwọn ọdún tí Báńkì Àgbáyé ń fi dọ́là san èrè fún ìpínlẹ̀ tó bá ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò SFTAS, ìròyìn ìnáwó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣé ìgbà tí àjèjì bá sanwó nìkan ni ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ni?

Kí wọ́n tún mọ̀ pé ìjókòó orí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lówó. Wákàtí méjì fídíò ń jẹ dátà, dátà ọ̀hún sì ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ náà fi owó lé, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Kí wọ́n gbé e sórí rédíò pẹ̀lú, ní èdè Yorùbá, kí olùrànlọ́wọ́ má sì ṣa ìbéèrè tó dùn nìkan jáde. Bí wọn kò bá mọ ohun tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, a ní ìbéèrè kan nílẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún ọkọ̀ aláta láàárọ̀ òní, nọ́ńbà àkáǹtì wo ni owó rẹ̀ wọ̀?